Píkọ́ọ̀pù Tuntun Tí O Fẹ́ Gbé Lọ Sétí Omi

Ilé wa ní Ìkòròdú,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Wàsíù Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Ràlíátù ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí yín. Ara wa le. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já bí o ṣe gba lẹ́tà tó nípọn báyìí lọ́wọ́ dírẹ́bà. Àyà tó ń já, tèmi ni.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lánàá, o ní, "Màmi, ẹ bá mi yọ̀ o! Ọ́fíìsì ní kí n mú èyí tó bá wù mí nínú píkọ́ọ̀pù tuntun yẹn. Fúùlù ọ́pṣọ̀n ni mo fẹ́ mú. Ẹ wo ìwé aláwòrán tí mo fi ránṣẹ́, kí ẹ sọ èrò yín fún mi kó tó di Jímọ̀." Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Lẹ́yìn ìyẹn, o tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí màá dé orí rẹ̀ tó bá yá. O ń pariwo pé, "Hẹlóò, hẹlóò, Màmi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já o. Èmi ni mo pa fóònù, nítorí mo ti ń sunkún, n kò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. N kò kọ lẹ́tà sí ọ mọ́ láti ìgbà tí o ti jáde nílé ìwé, ó sì ṣeé ṣe kí n má tún kọ òmíràn, torí ọwọ́ mi kì í dúró sójú kan mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, kà á tán kí o tó sọ fún wọn èyí tí o fẹ́.

Kí n tó dé orí ohun tó ń bà mí lẹ́rù, jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ fún ọ. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ tí o rí ní Ẹ̀pẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, tó ń kó o sínú yìnyín, tó sì ń kó o lọ tà káàkiri, tó wá fi ọ́ ṣe mánéjà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí lára rẹ. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Àní mo sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ pé ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa gbé mọ́tò lọ sétí omi láti kó ẹja, ní Ẹ̀pẹ́, ní Agbówà, nígbà mìíràn títí dé Ìpakòdò lọ́dọ̀ wa níbí, ni inú mi tó ń dùn bá yí padà. Mo mọ àwọn etí omi wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ wọ́n ju bí o ṣe rò lọ.

O gbọ́njú bá mi gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó ń wa píkọ́ọ̀pù ẹja. Bí mo bá ti yọ ní gáréèjì Benson báyìí, àwọn dírẹ́bà á ti máa ké pé, "Ìyá onípíkọ́ọ̀pù, ẹ rọra o!" Ìwọ náà máa ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o kò bi mí rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìyá rẹ ló ń wa mọ́tò, tí bàbá rẹ sì ń jókòó sílé ta yìnyín. Màá sọ fún ọ lónìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o bi mí ná.

Mo gbé ìwé aláwòrán náà sórí ẹsẹ̀, mo fi awò sójú, mo sì kà á bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Mọ́tò náà lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ó tóbi bí ilé. Irú píkọ́ọ̀pù tí àwa lò nígbà tiwa, a lè gbé e sẹ́yìn rẹ̀ kí àyè sì ṣẹ́ kù. Wọ́n ní àwọn ti yí bọ́dì rẹ̀ padà pátápátá, pé ìran tuntun ni, wọ́n sì pín in sí ipò mẹ́ta. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ipò náà kò rọ̀ mí lẹ́nu, nítorí náà mo ti sọ wọ́n ní orúkọ tèmi: ti oníṣẹ́, ti àárín, àti ti ọlọ́lá. Ti ọlọ́lá ni ìwọ ń pè ní fúùlù ọ́pṣọ̀n.

Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti kó àwọn nǹkan kan kúrò nínú ipò kan bọ́ sí òmíràn. Nínú bọ́dì àtijọ́, èyí tí ọ́fíìsì yín ṣì ń lò, ti oníṣẹ́ àti ti àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Rọ́bà ló wà nílẹ̀ àwọn méjèèjì, ọwọ́ irin kékeré lára ilẹ̀kùn la sì fi ń yí gíláàsì wọn sókè sódò. Ní báyìí, wọ́n ti gbé ti àárín sún mọ́ ti ọlọ́lá. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, wọ́n fi bọ́tìnnì sí gíláàsì rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ti ara rẹ̀ pa bí mọ́tò bá ti gbéra. Ti oníṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi rọ́bà àti ọwọ́ irin sílẹ̀ fún, wọ́n sì wá gba agbára kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fa mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìyẹn bí mi nínú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ìyà jẹ ẹni tí kò bá wá fààjì.

Ó dáa. Ohun kìíní ni kápẹ́ẹ̀tì. Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tókúnbọ̀ méjì ni wọ́n fi hàn wá nígbà tí a fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù. Ọ̀kan ní rọ́bà nílẹ̀, èkejì ní kápẹ́ẹ̀tì pupa. Bàbá rẹ fẹ́ olórọ́bà. Èmi ni mo ta kú pé n kò lè jókòó sínú mọ́tò tó dà bí balùwẹ̀. Wọ́n gbà fún mi, torí ọkọ ìyàwó ni wọ́n nígbà náà. Kò pẹ́ tí omi ẹja fi wọ inú kápẹ́ẹ̀tì. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, a sá a sóòrùn, òórùn kò lọ. Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Agbówà, tí mo wọ léèsì tuntun, tí mo kun lọ́fínńdà, àwọn ológbò ilé náà ló kọ́kọ́ wá pàdé mi. Mo ń lé wọn, wọ́n ń padà. Bàbá rẹ kàn ń wo òkè àjà. Ìwọ tí yóò máa gbé Ràlíátù lọ sí ọsibítù nínú mọ́tò yìí, aboyún tí òórùn ẹyin dídín ń lé kúrò nínú ilé, rò ó wò. Ilẹ̀ tí o lè da omi sí kí o gbá a jáde ni kí o wá.

Ìkejì ni irin dídán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ti ọlọ́lá lára, níwájú, lẹ́yìn, àní lára ibi tí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn. O mọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. O mọ ibi tí igbó ti dí lápá méjèèjì, tí ènìyàn lè wakọ̀ títí kí ó má rí ẹnìkejì. Àwọn tó ń gba mọ́tò lọ́wọ́ ènìyàn kì í sábà fẹ́ mọ́tò tó ń rùn. Èyí tó ń dán ni wọ́n ń wá. Àbúrò aládùúgbò wa, wọ́n gba jíìpù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kí ó dojú bolẹ̀ nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí o bá pẹ́ kí o tó pè mí, inú kòtò yẹn ni ojú mi máa ń lọ. Èmi àti kòtò náà la jọ ń gbé.

Ìkẹta ni ọ̀gá rẹ. Ìwọ lo sọ fún mi pé ti àárín ni wọ́n ń lò, nínú bọ́dì àtijọ́. Ìwọ tó dé lánàá wá fẹ́ gbé ti ọlọ́lá wọlé nínú bọ́dì tuntun, kí o sì páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Wọ́n ní kí o mú èyí tó wù ọ́, wọn kò ní àwọn kò ní máa wò ọ́. Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mánéjà, ẹ kú oríire o. Ẹ ṣé tí ẹ fi wá yangàn." Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá ti ń fi "ẹ" bá ọ sọ̀rọ̀, kí o yáa mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Má rò pé gbogbo ohun tuntun ni mo kórìíra. Wọ́n ní àwọn ti mú kí bírékì rẹ̀ tóbi sí i, àti pé àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan ti wà nínú gbogbo ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, títí kan ti oníṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ro ìyẹn. Àga gígùn tó gba ènìyàn mẹ́ta níwájú náà dùn mọ́ mi, torí mo ti rí ara mi láàárín ìwọ àti Ràlíátù pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Ti ọlọ́lá kò ní àga yẹn mọ́. Àga méjì bíi ti ọba ló ní, pẹ̀lú àpótí ńlá láàárín. Kí àyè sì lè wà fún gbogbo ìgbádùn yẹn, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Àga lo fẹ́ máa gbé lọ sétí omi ni, àbí ẹja?

N kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Kò sí wàhálà. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, bí o bá fẹ́, fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kápẹ́ẹ̀tì kò ní pa ọ́. Àṣejù ẹnu ìyá ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kọ nísinsìnyí, má fi ọwọ́ rọ́ ọ.

O ní, "Màmi, fúùlù ọ́pṣọ̀n yìí ní ojú lẹ́yìn, kámẹ́rà ni. Bí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sínú omi, màá máa rí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mi níwájú níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́ lórí fóònù. Ẹni tó ń sọ nípa fífi ẹ̀yìn wọ inú omi ti ń ṣe é nìyẹn, tàbí ó ti ń múra láti ṣe é.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Ẹrọ̀fọ̀ etí omi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn apẹja dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Kí àwọn ènìyàn má bàa máa ru apẹ̀rẹ̀ gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá, dírẹ́bà á fi ẹ̀yìn mọ́tò wọ inú omi díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi bo táyà ẹ̀yìn dé ìdajì. Wọn á fi òkúta sẹ́yìn táyà, imú ọkọ̀ á wá kan ìdí mọ́tò, apẹ̀rẹ̀ á sì bọ́ láti inú ọkọ̀ sínú mọ́tò láìsí pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tutù. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, wọn á máa kí i. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó bàbá rẹ. Wọn kì í yọjú lójú fèrèsé. Wọn á kàn máa gbọ́ ìró omi lára táyà, wọn á sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí.

Àkànní, ẹ̀yìn mi lo wà lọ́jọ́ náà. Mo pọ̀n ọ́. Etí omi kan lẹ́yìn Agbówà ni, ibi tí a ti ń ra ẹja lọ́wọ́ Ìlàjẹ kan tí à ń pè ní Bàbá Tọ́pẹ́. Píkọ́ọ̀pù tiwa wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ kan sì yá wọn ní tirẹ̀. Mọ́tò olówó ni. Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń ṣí gíláàsì rẹ̀, awọ ni àga rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ti ara rẹ̀ pa. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì. Nítorí pé mọ́tò olómọ́tò ni, bàbá rẹ ti gbogbo gíláàsì pa kí òjò má bàa kán sórí awọ náà.

Ìgbà òjò kò jẹ́ kí a dé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. A kò mọ̀ pé àwọn tó ń wa yanrìn ti wá síbẹ̀, pé wọ́n ti wa ìsàlẹ̀ omi náà lọ. Lójú, omi náà wà bó ṣe máa ń wà. Bàbá rẹ fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Táyà ẹ̀yìn kan omi, ó wọlé dé ìdajì, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tán lábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò náà kò pariwo. Ó kàn jókòó sẹ́yìn, imú rẹ̀ gbé sókè, ó sì ń yọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì kú. Iná tó wà níwájú kú. Bọ́tìnnì náà kú.

Láti etí omi tí mo dúró sí, mo rí bàbá rẹ nínú gíláàsì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, omi ti í padà. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì títí. Nígbà tí jìnnìjìnnì mú wọn, ọwọ́ òsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ irin tí a fi ń yí gíláàsì nínú píkọ́ọ̀pù tiwa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ wọn sì ń yí. Ó ń yí, ó ń yí, bí ẹni pé ọwọ́ irin náà wà níbẹ̀. Ẹnu wọn là, n kò gbọ́ ohùn. Mo sáré wọ inú omi. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ fà mí ní ìró padà, wọ́n ń ké pé, "Ọmọ wà lẹ́yìn ẹ! Ọmọ wà lẹ́yìn ẹ!" Lóòótọ́, mo ti gbàgbé pé mo pọ̀n ọ́.

Bàbá Tọ́pẹ́ ló gbé ìdákọ̀ró inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gun orí mọ́tò tó ń rì náà, ó kígbe pé, "Bo ojú ẹ! Mo ní bo ojú ẹ!" Ó là á mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tí omi kò tíì bò tán. Ó fọ́. Ó ki ọwọ́ bọ inú ibẹ̀, ó di ọrùn aṣọ bàbá rẹ mú, ó sì fà wọ́n jáde. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni omi bo orí mọ́tò náà. Wọ́n jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí wọn. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí mi pé kí n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì gbé ọ mọ́ra títí a fi délé.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti wa mọ́tò lọ sétí omi mọ́. Ẹja la sì ń jẹ, ẹja la ó fi tọ́ ọ. Nítorí náà ni mo ṣe lọ kọ́ mọ́tò. Gbogbo ayé ní mo láyà. Ẹ̀rù ló sọ mí di dírẹ́bà, Àkànní. Mo ń bẹ̀rù pé bí n kò bá wà á, wọn á fi agídí wà á, n kò sì ní rí wọn mọ́.

O ó ti máa rántí àwọn nǹkan kan báyìí. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí a bá ti ń gun afárá, bàbá rẹ á yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá, ì báà jẹ́ nínú òjò. Aṣọ ilé ìwé rẹ á rin, o ó máa sunkún pé, "Dádì, ẹ ti gíláàsì pa!" Wọn kì í tì í pa. Bí wọ́n bá sì sùn lórí àga lọ́sàn-án, ọwọ́ òsì wọn á máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á máa rẹ́rìn-ín, ẹ ní Dádì ń fa omi kànga lójú oorun. Mo máa ń bá yín rẹ́rìn-ín, màá sì wọ yàrá lọ. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ láéláé. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ọmọ yìí bẹ̀rù omi. Àyíká omi ni yóò gbé, omi ni yóò ti jẹun." Mo pa á mọ́ fún wọn. Lónìí n kò lè pa á mọ́ mọ́.

Ìdáhùn mi nìyí, ọmọ mi. Mú ti oníṣẹ́. Mú èyí tí ọwọ́ irin wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kò jọ ń fà, pé yóò há sínú ẹrọ̀fọ̀. Jẹ́ kí ó há. Bí ó bá há, o ó pe ènìyàn, wọn á tì í, ẹ ó jọ máa bú ara yín, o ó sì padà sílé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Mo fẹ́ràn ọmọ tó padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ojú tí wọ́n fi sẹ́yìn ti ọlọ́lá yẹn, omi ni yóò máa fi hàn ọ́. Kò lè fi ihò tó wà lábẹ́ omi hàn ọ́. Bàbá rẹ ní ojú méjì, wọ́n sì ní etí, wọn kò rí i.

Bí ó bá ṣeé ṣe, má tilẹ̀ gbé e wọ inú omi rárá. Háyà àwọn alágbàrù. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tutù, kí o sanwó fún wọn. Bí ọ̀gá bá sì ní dandan ni, kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, fi ọ̀pá gígùn wọn ìsàlẹ̀ omi fúnra rẹ, kì í ṣe pé o bi ẹlòmíràn. Béèrè bóyá àwọn tó ń wa yanrìn ti dé ibẹ̀. Má gbé Ràlíátù sínú mọ́tò lọ síbẹ̀ láéláé, àti ọmọ tó ń bọ̀ náà. Tú bẹ́líìtì, ṣí ilẹ̀kùn tó ti ara rẹ̀ pa, kí o tó yí ẹ̀yìn sí omi. Fi òòlù sí ibi tí ọwọ́ rẹ lè tó. Mo mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀rù ń bà mí, Àkànní. Mo ń sọ ọ́ jáde báyìí, n kò tijú: ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ.

Bí mo ṣe kọ ọ́ dé ibí ni bàbá rẹ wọlé láti mọ́sálásí. Wọ́n wo bébà tó kún orí tábìlì.

Wọ́n ní, "Kí lò ń kọ láti àárọ̀?"

Mo ní, "Wàsíù ni mo ń kọ̀wé sí. Wọ́n fẹ́ fún un ní mọ́tò tí yóò máa gbé lọ sétí omi."

Wọ́n ní, "O ti sọ fún un?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Mo ti sọ fún un."

Mo rò pé wọn á bá mi jà. Wọn kò jà. Wọ́n fa àga, wọ́n mú ìwé aláwòrán náà, wọ́n ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ya inú ti oníṣẹ́, wọ́n dúró. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n fi ìka lé ọwọ́ irin kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn inú àwòrán náà, wọn kò sì gbé ìka kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Èyí ṣì ní." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ.

Wọ́n ti sùn lórí àga wọn báyìí, ìwé náà wà láyà wọn. Òjò ti ṣú bo gbogbo Ìkòròdú, mo sì fẹ́ sáré gbé lẹ́tà yìí fún dírẹ́bà Ẹ̀pẹ́ ní Benson kí ó tó rọ̀. Mo wo ọwọ́ òsì wọn kí n tó dìde. Ó ń yí.

Èyí tó bá wù ọ́ ni wàá mú, àgbà ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá mú ti ọlọ́lá, tí o wà létí omi, tí òjò ń rọ̀ sórí awọ dáradára yẹn, mo fi oyún inú Ràlíátù bẹ̀ ọ́, ṣí gíláàsì rẹ sílẹ̀ gbayawu. Jẹ́ kí awọ rin. Awọ á gbẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń dúró de ìpè rẹ.